Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Ọ̀gọ̀dọ̀

Orí ọkọ̀ takisí ni ewúrẹ́ náà wà nígbà tí ojú àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin.

Ọjọ́ ọjà Lánlátẹ̀ ni, oòrùn mú ganrínganrín, èrò sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ họ ara ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ kan já mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba orí àpò gbágùúdá kọjá, ó gba orí òkìtì iṣu kọjá, ó sì lọ fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí Pijó kan tó fẹ́ kó èrò lọ sí Èrúwà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi èèpo iṣu hàn án, ó wò ó bí ẹni tó ti jẹun kúrò nílé. Gbogbo ọjà bá pa ìṣòwò tì, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ń fún dẹ́rẹ́bà nímọ̀ràn.

"Wa ọkọ̀ ẹ lọ jàre, á bẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀!"

"Gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó jókòó o!"

Wàhábì wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ náà, èrò ti tì í títí imú rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Àwọn ìyá tó jókòó sínú ọkọ̀ tẹrí ba nítorí pátákò ewúrẹ́ tó ń dún gbì-gbì lókè orí wọn. Bí wọ́n ṣe tẹrí ba báyìí ni ojú ọ̀nà là, Wàhábì sì rí fèrèsé kejì. Ọmọbìnrin kan wà lọ́hùn-ún tí èrò ti tì mọ́ gíláàsì bí wọ́n ṣe tì òun náà mọ́ ti ìhín. Ojú ọmọ náà bọ́ sínú tirẹ̀.

Áà, báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọmọ náà ní èéjí. Ẹyinjú rẹ̀ dúdú bí ẹni tó ti inú oyún lé tìróò wá sáyé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, Wàhábì sì gbà tọkàntọkàn pé òun ló rẹ́rìn-ín sí, kì í ṣe ewúrẹ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí ẹ̀rọ ìlọta. Ariwo ọjà dákẹ́ létí rẹ̀. Ayé kò ju gíláàsì méjì lọ mọ́, àti ojú kan tó ń dán bí omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ki ẹsẹ̀ bọ̀.

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò, ó yípo ọkọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà láyé kóra jọ sí i lọ́fun. Ó lanu, ohun tó sì jáde ni: "Ṣé ìwọ lo ni ewúrẹ́ yìí?"

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá," ọmọ náà dá a lóhùn. "Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀."

Ó sì wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti sú dẹ́rẹ́bà, ó ka ewúrẹ́ mọ́ èrò, ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì lọ, ewúrẹ́ lókè, èrò nísàlẹ̀, olówó ewúrẹ́ ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ohun tí Wàhábì gbọ́ gbẹ̀yìn kí eruku tó bo gbogbo rẹ̀ ni ohùn ọmọ náà láti ojú fèrèsé: "Ẹ já mi sí ojú ọ̀nà oko o! Létí omi ni ilé wa!"

Kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Létí omi nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n omi ni iṣẹ́ Wàhábì. Amọ̀nà àwọn apẹja ni, ní Èrúwà. Kì í ṣe àwọn apẹja tó ń pẹja jẹ o. Àwọn tó ń fi ọ̀pá ìwọ̀ pẹja fún fàájì ni. Ọ̀gá báńkì kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Babáfẹ́mi, tó máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Rosaline. Ẹja ni Ọ̀gá fẹ́ràn. Ẹyẹ ni Mádàámù fẹ́ràn, ó ní awò ọ̀nà jíjìn tó máa ń gbé kọ́rùn bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n síwájú. Bí ẹja bá wà tí ẹyẹ kò sí, Mádàámù á wọ inú mọ́tò lọ, á ti ilẹ̀kùn, á máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹyẹ bá wà tí ẹja kò sí, Ọ̀gá á ju ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀, á ní òun kò sun epo láti Ìbàdàn wá wo adìẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí ẹyẹ bá pọ̀ sí, wọ́n ti jẹ ẹja ibẹ̀ tán. Ibi tí ẹja bá sì pọ̀ sí, ẹyẹ kò tíì gbọ́ nípa ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ Wàhábì ni láti wá ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹja àti ẹyẹ ti jọ gbọ́ra wọn yé.

Láti ọjọ́ ewúrẹ́ ni iṣẹ́ náà ti wá di nǹkan mìíràn. Kò sí ọ̀gọ̀dọ̀ láàárín Lánlátẹ̀ sí Èrúwà tí kò gbé alùpùpù rẹ̀ dé. Ọ̀gá rò pé iṣẹ́ ló ń wu ọmọkùnrin náà. Mádàámù ní kí Ọlọ́run bù kún un.

Nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni lẹ́tà kan wà. Ó ti rí i pé ẹnu òun kò ṣeé fọkàn tán, ló bá jókòó lẹ́yìn ìrun àláásàrì, ó fi bírò pupa kọ ọ́. *Sí ìwọ tí mo rí láti inú fèrèsé méjì*, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. *Láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́, àyàfi ẹ̀wà.* Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé méjèèjì, ó da páúdà díẹ̀ sí i kó lè máa ta sánsán, ó sì fi ọ̀rá wé e nítorí omi. Ó búra pé kò sí alárinà tó máa bá òun mú un lọ. Láti ọwọ́ òun sí ọwọ́ ọmọ náà ni. Títí dìgbà náà, orí ọkàn òun ni kó wà.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ọ̀la ni Ọ̀gá àti Mádàámù ń bọ̀, Mádàámù sì ti fi àwòrán ẹyẹ kan ránṣẹ́ pé ẹyẹ yẹn nìkan lòun fẹ́ rí: ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ pupa, tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ lórí bí ìgbakọ tí wọ́n fi ń bu ọkà. Wàhábì kí ìrun tán, ó gun alùpùpù, ó forí lé ọ̀nà oko.

Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló wà ní ọ̀gọ̀dọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé. Ní èkejì, màlúù kan wà nínú omi dé ọrùn, ó ń wo Wàhábì bí onílé ṣe ń wo ayálégbé. Wàhábì kí i, ó kọjá. Ẹ̀kẹta kò sí lójú ọ̀nà rárá. Eèsún ló bò ó. Ó gbọ́ tí nǹkan ta omi pàtì láàárín eèsún náà, ó pa alùpùpù, ó yọ́ wọlé.

Ọ̀gọ̀dọ̀ tó dára ni. Òṣíbàtà bo apá kan, apá kejì mọ́ kedere. Wàhábì bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí fìlà, nítorí fìlà funfun máa ń já ẹja láyà. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja létí omi, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀. Ó fọ́n èérún ẹ̀kọ sómi, ó wá dúró jẹ́ẹ́. Ẹja àrọ̀ máa ń gbé omi sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò ọlọ́bẹ̀. Ẹ̀pìyà máa ń já nǹkan gbà bí ọmọ tí wọn kò kọ́. Ẹyẹ ní tirẹ̀ kì í sá fún ẹni tó bá dùbúlẹ̀ láìmì. Igi ló máa ń rò pé ó jẹ́.

Omi ṣí bí ìdérí. Àrọ̀ nìyẹn. Inú Wàhábì dùn. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn láti òdìkejì, nítorí omi máa ń gbé ohùn.

"Àkànó! Àkànó, gbójú sókè! Ó ti dé!"

"Ta ló dé?"

"Láwàl ará Ayétẹ̀ tí mo sọ fún ọ, tó ń ta rédíò. Ọkọ Ìbílọlá! Wò ó lọ́hùn-ún, ó ti dọ̀bálẹ̀."

"Láti òdìkejì omi?"

"Ṣé o ò rí i ni? Ó ti ṣí fìlà pàápàá!"

Wàhábì kò gbé orí. Ojú nìkan ló gbé. Abúlé kékeré kan ló wà lẹ́yìn eèsún, abẹ́ igi ìgbá létí omi ni wọ́n sì ti ń gba àlejò níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù. Bàbá kan jókòó sórí àga onígi, òun ni Àkànó tó ni abúlé. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí ẹní, ó fi ìka na Wàhábì. Ẹ̀gbọ́n Àkànó ni, Màmá Rùkáyàt. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ọmọbìnrin kan dúró ti ìkòkò omi. Ó yíjú. Ó ní èéjí.

Ìbílọlá. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn Wàhábì fò sókè, ara rẹ̀ sì fẹ́ bá a fò. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ kan fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i létí, ohun funfun kan bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó nasẹ̀ pupa kan, ó na èkejì. Wàhábì fi igun ojú wò ó. Ẹnu rẹ̀ rí bí ìgbakọ.

Ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára kò ní ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo iṣan Wàhábì dì pa, ó di igi.

"Kí n ní kó dìde?" Àkànó béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀: ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í dìde nílẹ̀ àfi bí bàbá ọmọ bá ní kó dìde.

"Dákẹ́ jẹ́!" Màmá Rùkáyàt ní. "Jẹ́ ká wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọkọ Rùkáyàt ńkọ́? Ṣé kì í ṣe bí ẹni wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ṣe bẹ̀rẹ̀ tó tún dìde? Àtìgbà yẹn ni inú ti ń bí mi."

"Ọkọ Rùkáyàt ti bímọ mẹ́rin."

"Inú ṣì ń bí mi."

Ẹyẹ náà gbé ẹsẹ̀, ó gun Wàhábì lẹ́yìn. Ó rìn láti ìdí dé èjìká bí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wo bárékè, ó yan àárín ẹ̀yìn, ó ká ẹsẹ̀ kan mọ́ inú, ó dúró.

"Yéè! Ẹyẹ ti bà lé e!"

"Kò mì?"

"Kò mì! Àkànó, bàbá wa pàápàá ò dọ̀bálẹ̀ báyìí láti fẹ́ ìyá wa."

"Bàbá wa ní ẹ̀yìn ríro," Àkànó ní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń tutù, ó sì ti yí àga rẹ̀ padà kó lè máa rí Wàhábì dáadáa.

Ó yẹ kí Wàhábì pariwo pé òun kọ́ ni Láwàl. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n bí i, kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó "ọkọ Ìbílọlá" rí, ó sì wù ú kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí alùpùpù mìíràn fi dún láti ọ̀nà abúlé. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀. Léèsì ló wọ̀, wọ́n sì ti lo sítáàṣì sí i débi pé aṣọ náà ló kọ́kọ́ dé, òun tẹ̀lé e. Ó gbé rédíò ńlá kan dání tó ń ka ìkéde òkú.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni Láwàl ará Ayétẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí rédíò yìí, ibi tí wọ́n ti ń pa á ló bàjẹ́."

Àkànó wo Láwàl. Ó wo Wàhábì. Ó tún wo Láwàl.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni Láwàl, ta ni Láwàl tó wà lọ́hùn-ún?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Kí ló ń ṣe nílẹ̀?"

"Ó ń ṣe ohun tó yẹ kí ìwọ náà ti máa ṣe," Màmá Rùkáyàt dá a lóhùn.

Láwàl gbé rédíò sílẹ̀, ó gbìyànjú. Ó tẹ̀, aṣọ kò tẹ̀. Ó dé ìdajì, ó há síbẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, léèsì yí i ká bí páànù òrùlé tí afẹ́fẹ́ ká.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" Màmá Rùkáyàt béèrè.

"Sítáàṣì ni, Màmá."

"Ṣé sítáàṣì lo fẹ́ fi gbé ìyàwó ni?"

Láwàl mí kanlẹ̀, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó dún gbàà bí ilẹ̀kùn. Ó wá dọ̀bálẹ̀ lápá ìhín, Wàhábì dọ̀bálẹ̀ lápá ọ̀hún, Àkànó sì wà láàárín wọn lórí àga, ìdààmú bá a. Kò rí i rí kí ọkùnrin méjì máa tọrọ ọmọ kan lọ́sàn-án Jímọ̀ kan náà. Bó bá ní kí wọ́n dìde, méjèèjì ló ti gbà. Bí kò bá ní kí wọ́n dìde, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn mọ́jú?

"Ẹ gbọ́!" ó kígbe kí òdìkejì omi lè gbọ́. "Mi ò ní sọ pé dìde fún ẹnikẹ́ni! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde fúnra ẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ! Ẹni tó bá kù nílẹ̀ ló ní ọmọ!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá Rùkáyàt ní.

"Bàbá," Ìbílọlá ní, "ẹ ò bi èmi."

"Wọn ò tíì dìde, kí la fẹ́ bi ọ́? Bomi fún àlejò."

Ìbílọlá bu omi sínú igbá. Láwàl mu tirẹ̀ lórí ìdúbúlẹ̀, ó ṣàn sínú imú rẹ̀, ó húkọ́ títí. Ọmọ náà wá gbé igbá, ó gba etí omi yípo, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Wàhábì, aṣọ rẹ̀ ń ha eèsún lára, Wàhábì sì ń fi gbogbo ara gbọ́ ọ.

Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìdùbúlẹ̀ o."

Wàhábì mi ètè nìkan, kí ẹyẹ má baà fò.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bi mí ní ewúrẹ́ ní Lánlátẹ̀?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ló mọ̀ lórí. Ó lanu láti sọ ọ̀kan péré. "Àrọ̀ wà nínú omi yín," ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo mọ̀. Omi wa ni."

"Ẹ̀pìyà náà wà níbẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi lẹ wá tọrọ ni, àbí ẹja?"

Òógùn bo Wàhábì. Ẹyẹ náà pààrọ̀ ẹsẹ̀. "Mo kọ lẹ́tà," ó ní.

"Sí ta ni?"

"Sí ẹ."

Ìbílọlá gbé igbá omi sílẹ̀. Ohun kan tó jọ ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kọjá, kò dúró pẹ́. "Ibo ló wà?"

"Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí. Àpò àyà mi ló wà. Tí mo bá dìde, bàbá ẹ á ní kí n máa lọ. Tí mi ò bá dìde, lẹ́tà ò lè jáde."

"Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi lẹ́nu."

Wàhábì gbìyànjú. Ọlọ́run rí i pé ó gbìyànjú. "Ẹyẹ tó wà lẹ́yìn mi yìí," ó ní, "ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa?"

Ìbílọlá mí kanlẹ̀. Ó wo apá kan, ó wo apá kejì, ó rọra ti ọwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀ láti wá àpò náà. Wàhábì di ojú. Ó rò pé òun máa kú síbẹ̀, inú òun yóò sì dùn.

"Ìbílọlá!" Màmá Rùkáyàt pariwo láti abẹ́ igi. "Omi la ní kó o gbé fún un! A ò ní kó o fọwọ́ kàn án!"

Ọmọ náà yọ ọwọ́. Ó gbé igbá dìde, inú ti bí i. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ mi. Bàbá mi ti sọ tiwọn. Màmá Rùkáyàt ti sọ tiwọn. Rédíò ò tiẹ̀ tíì sọ tiẹ̀ tán. Láti ọjọ́ ewúrẹ́ yẹn ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ nǹkan kan fún èmi, kì í ṣe nípa mi. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ gbé e fún mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ borí, á jẹ́ pé Bàbá mi lẹ fẹ́ fẹ́ nìyẹn." Ó yí padà, ó lọ.

Wàhábì dùbúlẹ̀, ó ń ronú. Lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ tí ọ̀rá lẹ́tà ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bó ṣe ń mí. Ní òdìkejì, omi etí ọ̀gọ̀dọ̀ ti wọ aṣọ Láwàl, sítáàṣì ti ń yọ́. Ọkùnrin náà ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀bà tí wọ́n da omi lé, Màmá Rùkáyàt sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

"Ó ti ń tẹ̀ o! Àkànó, wò ó, ó ti ń tẹ̀! Láwàl ọkọ wa!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Wàhábì ní igbá àyà. "Ọkọ wa." Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ kan síwájú. Ẹyẹ kò fò. Ó gbé èkejì. Ẹyẹ na ìyẹ́ díẹ̀ kó má baà ṣubú, ó tún ká a. Wàhábì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ bí awọ́nríwọ́n, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀, ó ń gba inú ẹrẹ̀ etí omi yípo ọ̀gọ̀dọ̀ lọ sí abẹ́ igi ìgbá, pẹ̀lú ẹyẹ lẹ́yìn.

"Ó ń bọ̀ o!" Àkànó dìde lórí àga. "Ṣé ìyẹn kì í ṣe dídìde?"

"Kì í ṣe dídìde," Màmá Rùkáyàt ní, ó na ọrùn. "Ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ẹ̀. Ó kàn ń rìn lórí ẹ̀ ni."

"Ìdọ̀bálẹ̀ máa ń rìn?"

"Ti ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ èèyàn gidi máa ń rìn."

"Ìrẹ́jẹ ni, sà!" Láwàl kígbe láti inú ẹrẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé a lè rìn!"

"Rìn ìwọ náà!"

Láwàl gbìyànjú. Sítáàṣì tó yọ́ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ bí ìwé orí ògiri. Ó ta ẹsẹ̀, ó ta ọwọ́, ó wà lójú kan náà. Rédíò parí ìkéde òkú, ó bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn.

Wàhábì wọ́ títí ó fi kan ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ tó ní eruku oko, tí láàlì ti ń ṣá lórí èékánná rẹ̀. Ó gbé ojú. Ìbílọlá ń wò ó láti òkè, kò rẹ́rìn-ín, ó ń retí.

Àkànó di àga mú. Kò ku ohunkóhun fún Wàhábì mọ́ ju kó wà níbẹ̀. Ó ti rẹ Láwàl. Gbogbo wọn ló rí i pé bó pẹ́ bó yá, yóò já ara rẹ̀ gbà nínú ẹrẹ̀, yóò sì dìde. Ẹyẹ Mádàámù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tòrò bí adìẹ tó ń sàba. Màmá Rùkáyàt ti wà lápá tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju pé kó má ṣe nǹkan kan lọ, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn.

Ọ̀rá lẹ́tà dún lábẹ́ àyà rẹ̀.

Wàhábì dìde.

Ó dìde dúró gbangba, ẹrẹ̀ ń kán láti àgbọ̀n dé orúnkún rẹ̀. Ẹyẹ ẹlẹ́nu ìgbakọ kígbe, ó na ìyẹ́ funfun, ó fò kọjá lórí igi ìgbá, ó forí lé ọ̀nà Igbó-Ọrà, kò sì wẹ̀yìn.

"Ó dìde!" Àkànó kígbe. "Ó ti dìde! Láwàl ló borí!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Màmá Rùkáyàt fọwọ́ lérí. "Kí ló gbé e dìde? Kí ló gbé ọmọ yìí dìde báyìí?"

"Ṣé mo lè dìde, sà?" Láwàl béèrè láti ilẹ̀.

Wàhábì kò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn ṣòkòtò, ibi kan ṣoṣo tó gbẹ lára rẹ̀. Ó ki ìka bọ àpò àyà, ó yọ ọ̀rá, ó tú u. Ìwé náà ti ká bí ewé, ó ti gba ìrísí igbá àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò dé ibẹ̀. Páúdà ń ta sánsán láàárín òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja. Ó lanu láti sọ̀rọ̀. Ó rò ó, ó tún pa ẹnu dé.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i.

Ìbílọlá gbé igbá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ìró, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.